Ìbéèrè Mẹ́ta Màmá Ungwan Shanu

Pásítọ̀ tó wàásù níbi ìsìnkú ìyá ìyá mi sọ pé Màmá ti dárí ji gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó dákẹ́. Pásítọ̀ tuntun ni, kò tí ì pé ọdún kan tó dé Kaduna, nítorí náà n kò bá a wí. Mo kàn jókòó síwájú, ọ̀pá ìtilẹ̀ mi wà láàrin ẹsẹ̀ mi, mo ń wo pósí, mo sì ń rò ó pé bí Màmá bá lè dìde jókòó báyìí, bíírò pupa ni wọn yóò béèrè. Màmá kò dárí ji ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi àìdáríjì náà ṣiṣẹ́ ni, iṣẹ́ náà sì gba ọ̀pọ̀ ọmọ là, èmi náà wà lára wọn. Mo ń kọ èyí kí àwọn tó sunkún jù níbi òkú má baà yí ìtàn náà padà mọ́ wa lójú.

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màmá. Ìpínlẹ̀ Kogí ni wọ́n ti wá. Ọmọge ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé Kaduna, wọ́n kọ́ ọmọ Hausa, wọ́n kọ́ ọmọ Yorùbá, wọ́n kọ́ ọmọ Igbo títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n sì kọ́ ilé yàrá mẹ́ta sí Ungwan Shanu. Ẹfun ìkọ̀wé kì í wọ́n nínú àpò wọn. Bí iná ọba bá lọ, wọn yóò máa kọ iye ọjọ́ tó ti lọ sára ògiri ilé ìdáná. Bí o bá sọ ohun tí kò tọ́ níwájú wọn, wọn kò ní bá ọ jiyàn. Wọn yóò kàn ní, "Tún un wí." Wàá tún un wí. "Tún un wí." Nígbà tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, ojú á ti tì ọ́ fúnra rẹ. Èmi àti Màmá jọ wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá kan lábẹ́ bíríìjì Kawo lọ́jọ́ tí awakọ̀ náà jágbe mọ́ wọn pé, "Ke tsohuwa, sauka!" pé kí arúgbó yìí sọ̀ kalẹ̀. Màmá kò mira. "Maimaita," ni wọ́n fi Hausa dá a lóhùn, kó tún un wí. Ọkùnrin náà la ẹnu, ó pa á dé, ó ní, "Yi hakuri, Mama," pé kí Màmá má bínú, ó sì gbé wa dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Kí ẹ tó lè mọ Màmá, ẹ ní láti mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹ̀jẹ̀ tèmi kì í dì bó ṣe yẹ. Bí ẹlòmíràn bá fi abẹ gé ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á yọ, á sì dá. Tèmi á máa ṣàn ni. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní sí ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dà sínú orúnkún mi, orúnkún á wú bí àgbọn, ìdí nìyí tí mo fi ń lo ọ̀pá láti kékeré. Hemofílíà ni àwọn dókítà ń pè é. Kò wọ́pọ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ìyá ló sábà máa ń gbé e fún ọmọ, ara ìyá náà á sì le koko, kò ní mọ̀ pé òun gbé ohunkóhun. Ọmọkùnrin ni àìsàn náà ń bá jà. Ẹ wá ro ti àwa Yorùbá wò, tó jẹ́ pé ọjọ́ kẹjọ tí a bá bí ọmọkùnrin ni a ń sọ ọ́ lórúkọ, tí olóolà á sì dábẹ́ fún un lọ́jọ́ náà gan-an.

Màmá bí ọmọkùnrin méjì kí wọ́n tó bí ìyá mi. Olóolà dábẹ́ fún àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ kò dá, ọmọ kú lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní ọwọ́ olóolà ni kò dáa. Nígbà tí wọ́n bí èkejì, wọ́n ránṣẹ́ pe olóolà mìíràn láti ilé, ó sì gbé ìgbín tirẹ̀ dání, nítorí omi ìgbín ni a ń kán sójú egbò kó lè tètè jinná. Omi ìgbín mẹ́fà ni wọ́n kán sí i. Ọmọ náà kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bí ìyá mi, ó dàgbà, ó lọ́kọ, ó bí ọmọkùnrin kan, ẹ̀gbọ́n mi tí n kò rí. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Kaduna nígbà náà. Ẹni àkọ́kọ́ tí bàbá mi fi tirẹ̀ pè ni olóolà. Ọjọ́ kẹta ìsọmọlórúkọ ni wọ́n sin ọmọ náà.

Ibi ìkẹ́dùn ẹ̀gbọ́n mi yìí ni Àbẹ̀kẹ́ ti dìde. Àbúrò Màmá ni, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Ó fẹ́ mùsùlùmí kan ní Kawo, ó lọ sí Mẹ́kà, gbogbo ayé sì ń pè é ní Àlàájà. Ìyá àgbà ló jẹ́ fún mi, ó yẹ kí n fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́, ṣùgbọ́n inú mi kò tí ì gbà á. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí òun bí, wọ́n dábẹ́ fún un, ó sì jinná. Síbẹ̀ àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ti ń wo òun náà wò-ó-wò-ó, wọ́n ń béèrè irú ilé tí wọ́n ti fẹ́ ìyàwó. Ẹ̀rù bà á, ó sì ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí wọn.

"Ẹ ti yẹ olóolà wò, ẹ ti yẹ abẹ wò," ló wí lójú gbogbo àwọn tó wá kẹ́dùn. "Ẹ kúkú yẹ ẹ̀gbọ́n mi wò. Ọmọkùnrin mẹ́ta, ẹnu kan ṣoṣo ló mu wọ́n."

Kó tó di ọjọ́ ìsinmi, ọ̀rọ̀ náà ti dé Ungwan Dosa. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó máa ń bá Màmá jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ṣí lọ sẹ́yìn. Àwọn òbí lọ bá ọ̀gá ilé ìwé pé kí wọ́n kó ọmọ àwọn kúrò ní kíláàsì Màmá. Bàbá àgbà mi, ọkọ Màmá, ní òun ń lọ sílé lọ wo oko, kò sì padà mọ́ títí ó fi kú. Pásítọ̀ ìgbà náà gbé òróró wá pé kí Màmá jẹ́wọ́ kí òun lè gbàdúrà ìdáǹdè fún wọn. Ìyá mi ló sọ èsì wọn fún mi: "Pásítọ̀, ẹ gbé òróró yín lọ dín dòdò."

Lẹ́yìn oṣù kan, Màmá wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n mú ìyá mi dání, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn aláìsàn. Nígbà tó kàn wọ́n, dókítà, obìnrin Hausa kan tí kò tí ì dàgbà púpọ̀, béèrè ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Màmá ní, "Kò sí. Àwọn tí ara wọn kò yá ti kú." Dókítà náà ti ilẹ̀kùn. Ó béèrè bóyá ọkùnrin nìkan ni àwọn tó kú. Ó béèrè bóyá ní ìhà ìyá ni. Lẹ́yìn náà ó kọ orúkọ kan sórí ìwé, ó ní, "Ciwon jini ne, Mama. Ba maita ba." Àìsàn ẹ̀jẹ̀ ni, kì í ṣe àjẹ́. Màmá ní kó tún un wí. Ó tún un wí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọbìnrin yẹn tún un wí, kò sì bínú. Ìyá mi ń sunkún. Ó ní Màmá kò sunkún ní tiwọn, wọ́n ká ìwé náà, wọ́n fi í sínú kọ́ńbọ̀, wọ́n ní, "Gbogbo wọn pátá ló máa gbọ́ ọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí mi. Ní ọjọ́ kẹjọ, Màmá gbé ọmọ odó, wọ́n fi àpótí dí ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá mi, wọ́n jókòó. Àwọn ẹbí bàbá mi bẹ̀ wọ́n, wọ́n bú wọn, wọ́n ní ṣé kí ọmọ Yorùbá máa rìn káàkiri láìkọlà ni. Màmá ní, "Ẹni tó bá mú abẹ wọlé, tirẹ̀ ni màá kọ́kọ́ dá." Kò sẹ́ni tó mú abẹ wọlé. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n bá a níbẹ̀. Èmi ni ọmọkùnrin àkọ́kọ́ tó ní in tó sì yè nínú ìdílé wa.

Ìgbà náà ni ẹ̀san bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìsọmọlórúkọ Yorùbá kan ní Ungwan Shanu tàbí Ungwan Dosa tí Màmá gbọ́ tí wọn kò lọ, bí wọ́n pè wọ́n, bí wọn kò pè wọ́n. Wọn yóò dúró láàrin ilé kí olóolà tó ṣí àpò rẹ̀, wọn yóò sì béèrè ìbéèrè mẹ́ta. Ìkíní, ọkùnrin ni? Ìkejì, ní ìhà ìyá ọmọ yìí, ǹjẹ́ ọkùnrin kan wà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá? Bí wọ́n bá ní ó wà, Màmá á ní kí wọ́n gbé abẹ náà sílẹ̀ títí dókítà yóò fi yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò béèrè ìkẹta, èyí tí àwọn ènìyàn kórìíra jù lọ: "Ta ni ẹ sọ pé ó mu ún?"

Ìbéèrè kẹta yìí kò gba ẹnikẹ́ni là, mo sọ fún Màmá bẹ́ẹ̀ rí. Ó kàn ń dójú ti ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n mo wà ní ilé kan ní Ungwan Dosa lọ́jọ́ tí wọ́n béèrè rẹ̀, tí ìyá arúgbó kan tí wọ́n fi sí ìdí ilẹ̀kùn, tí wọn kò tilẹ̀ gbé oúnjẹ fún, bú sẹ́kún. Màmá mú oúnjẹ tí wọ́n gbé wá fún Màmá fúnra wọn, wọ́n gbé e fún un. Nígbà tí a ń padà sílé, wọ́n ní, "Ìbéèrè kẹta kì í ṣe ti ọmọ."

Wọ́n ń pe Màmá ní Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ lẹ́yìn, orúkọ náà sì dùn mọ́ wọn, wọn a máa jẹ́ ẹ. Ní ti pásítọ̀ olóróró, Màmá ń bá a fà á títí ó fi gbà láti máa ka ìkìlọ̀ nípa àìsàn náà mọ́ ìkéde ní ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù. Ó gbìyànjú láti máa fò ó, á ní, "Ẹ kíyè sí àìsàn kan báyìí." Màmá á ti orí bẹ́ǹṣì pariwo, "Orúkọ rẹ̀!" Á sọ orúkọ rẹ̀. "Ẹ tún un wí!" Ìyàwó pásítọ̀ fúnra rẹ̀ a máa fi ìwé orin bo ẹ̀rín.

Ẹ má rò pé ó rọrùn láti jẹ́ ọmọ-ọmọ wọn. Mo wọ ilé ìwé girama, mo ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀ nípa mi, mo ń purọ́ pé bọ́ọ̀lù ló ṣe mí lẹ́sẹ̀. Màmá wá lọ́jọ́ àwọn òbí, wọ́n gba ẹfun lọ́wọ́ olùkọ́ wa, wọ́n sì ya ìdílé wa sójú pátákó, ìyá lókè, ọmọ nísàlẹ̀, wọ́n fi àgbélébùú sórí àwọn tó kú, wọ́n wá nàka sí mi. Gbogbo kíláàsì yíjú. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni n kò fi bá Màmá sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo la ẹnu, mo ní, "Màmá, ẹ fi mí ṣe pátákó." Wọ́n ní, "Pátákó tó bá sá pamọ́, ta ni yóò kà á?"

Òótọ́ ni, ó sì dùn mí. Wọ́n fẹ́ràn mi púpọ̀, wọ́n sì tún ń fi mí jà.

Kí n tó dé ilé ìwé girama yẹn ni ọ̀rọ̀ Kawo ṣẹlẹ̀. Ìgbín ló tú àṣírí. Ìgbín kò fi bẹ́ẹ̀ sí ní Kaduna, ẹni tó bá nílò rẹ̀ a máa ní kí wọ́n fi mọ́tò ránṣẹ́ láti ilé sí gáréèjì Kawo. Mo tó ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí ìyá kan tó ń tajà ní gáréèjì náà sọ fún Màmá pé ẹrù ìgbín dé fún Àlàájà. Àlàájà kì í jẹ ìgbín. Màmá gbé ife tíì sílẹ̀, wọ́n ní, "Sìdí ti bí ọkùnrin." Sìdí ni àbígbẹ̀yìn Àlàájà, ó ti wá bímọ sílé ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ ìkẹ́dùn yẹn, Màmá àti Àlàájà kò tí ì bá ara wọn sọ gbólóhùn kan.

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún wọn. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni."

"Kó rí i," ni Màmá wí. "Kí òun náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ aṣọ ọmọ náà."

Orúnkún mi wú lọ́sẹ̀ yẹn, orí ẹní ni mo wà, mo gbọ́ ọ. N kò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Màmá dìde, wọ́n wọ aṣọ tó dára jù lọ, wọ́n ní kí n mú ọ̀pá mi. Nígbà tí a dé Kawo, àáfà ti pe orúkọ ọmọ tán. Olóolà jókòó lórí ẹní, abẹ wà níwájú rẹ̀, ìgbín wà nínú abọ́. Sìdí gbé ọmọ mọ́ àyà. Màmá wọ àárín ilé, wọ́n gbé abọ́ ìgbín náà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Dì í mú."

"Àbẹ̀kẹ́," ni wọ́n wí, "kí lo sọ nípa mi lọ́jọ́ yẹn?"

"Àǹtí mi, ọjọ́ ayọ̀ lòní."

"Mo mọ ohun tí abẹ yìí lè ṣe fún ọmọ yìí. Mo mọ bí a ṣe lè ṣe é tí kò fi ní ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tìẹ ló máa kọ́kọ́ jáde."

"Subhanallah! Ìyá, ẹ ṣe sùúrù," ni àáfà wí.

Àlàájà gbé àgbọ̀n sókè. "Mi ò ní nǹkan kan sọ."

Màmá yí padà. Wọn kò sáré, wọn kò sì wẹ̀yìn. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan jáde. Mo fẹ́ tẹ̀ lé wọn, mo fi abọ́ há apá kan, mo fi ọ̀pá sí ọwọ́ kejì, orúnkún mi yẹ̀, mo ṣubú. Abọ́ fọ́, ìgbín tú ká orí ẹní, ṣòkòtò mi ká sókè, gbogbo ilé sì rí orúnkún náà. Ariwo Sìdí ni mo gbọ́: "Màámi, ẹ sọ ọ́! Ẹ sọ ọ́, kí wọ́n má lọ!"

Màmá dúró.

"Mo ní ẹ̀yin lẹ mu wọ́n," ni Àlàájà wí.

"Tún un wí."

"Mo ní Àǹtí mi ló mu àwọn ọmọ náà."

"Tún un wí."

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀ láàrin àwọn ìgbín, kò sì sẹ́ni tí kò gbọ́. Ìgbà náà ni Màmá wá sọ fún wọn pé ara ìyá tó bí àwọn méjèèjì ni àìsàn náà ti wá, pé kí wọ́n má fi abẹ kan ọmọ náà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ náà. Ó wà níbẹ̀.

Ìdájọ́ tí Màmá dá fún àbúrò wọn ni pé gbogbo suna, bí àwọn ará Kawo ṣe ń pe ìsọmọlórúkọ, òun ni yóò máa lọ béèrè ìbéèrè mẹ́ta náà níbẹ̀. Bó bá sì dé orí ìkẹta, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dáhùn: "Ẹ̀gbọ́n mi ni èmi sọ pé ó mu ún." Àlàájà ṣe é. Ó ń ṣe é bí ẹni ń jẹ ewúro, ọdún dé ọdún. Àwọn méjèèjì kò jọ jẹun pọ̀ mọ́ láéláé.

Nígbà tí àìsàn Màmá le, mo béèrè ohun tó ti wà nínú mi tipẹ́. "Màmá, lọ́jọ́ Kawo, ká ní mi ò ṣubú, ṣé ẹ máa lọ ni?"

"Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan jáde," ni wọ́n wí. "Èkejì ń bọ̀."

Mo ní wọn kò lè lọ. Wọ́n ní kí n tún un wí. N kò lè tún un wí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, tí a padà sí Ungwan Shanu, Àlàájà di apá Sìdí mú, ó wá bá mi lórí àga. Ó ti gbó gan-an. Ọmọ Sìdí dúró lẹ́yìn wọn, ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ.

"Ìwọ lo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí mi lọ́jọ́ yẹn," ló wí. "Ká ní o ò ṣubú ńkọ́? Wọn ò ní lọ, àbí? Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé wọn ò lè lọ."

Mo mọ ohun tó fẹ́ gbọ́. Gbogbo ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń purọ́ mọ́ Màmá, ọ̀kan sí i kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.

"Wọ́n máa lọ, Àlàájà."

Ó pa ojú dé. Ó ní, "Tún un wí."

"Wọ́n máa lọ. Ẹsẹ̀ kan ti wà níta, èkejì ń bọ̀."

Ó mi orí. Kò sunkún, kò sì bẹ̀ mí. Ó ṣí ojú, ó rí ọ̀dọ́kùnrin kan láti àdúgbò wa ní ẹnu géètì, tí àwọn ènìyàn ń kí kú oríire pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ nítorí ilé ọ̀fọ̀ ni. Ó tú ọwọ́ Sìdí sílẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wọ́ lọ bá a, ó sì di apá rẹ̀ mú.

"Wọ́n ní ìyàwó ẹ bímọ níjẹta," ló wí. "Ọkùnrin ni?"